Lẹ́yìn àmín, ta ló máa lọ dúró ní kọ́ọ̀tù?

Ààwẹ̀ oṣù kìíní ò lè parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n má ka Aísáyà orí 58, mo sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì tiyín náà ò yàtọ̀. Gbogbo wa la fẹ́ràn ibi tó ti ní ìmọ́lẹ̀ wa máa yọ bí òwúrọ̀, pé ara wa á tètè yá, ibẹ̀ làmín ti máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ gan-an, níbi tí Ọlọ́run ti ń bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ wí pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára, tó wá ní ààwẹ̀ tóun fẹ́ ni kí wọ́n tú ìdè ìwà ìkà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń ni lára lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kíákíá la máa ń ka ìyẹn kọjá, kò sẹ́ni tó ń ṣe àmín síbẹ̀.

Mo wà lára àwọn tó máa ń lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ máa ra gààrí, ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ, páàdì fún àwọn obìnrin, búrẹ́dì tó pọ̀, tẹ́ ẹ bá dé géètì àwọn wọ́dà á gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n á kọ orúkọ yín, wọ́n á fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì sí méjì kí wọ́n lè wò ó bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀, ẹ máa wọlé, ẹ máa kọrin, pásítọ̀ á wàásù, á ní kẹ́ni tó fẹ́ gba Jésù nawọ́ sókè, gbogbo wọn á nawọ́ (àwọn tó nawọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá náà á tún nawọ́), ẹ máa pín ẹrù, ẹ máa jáde, ẹ máa ya fọ́tò níwájú géètì pẹ̀lú bánà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ebi ń pa wọ́n níbẹ̀ lóòótọ́, ọṣẹ kan ṣoṣo sì lè di ohun tí èèyàn méjì máa jà lé lórí. Jésù fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Mátíù 25 pé òun wà nínú túbú, wọ́n sì wá wo òun. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé a kì í béèrè ohun tó gbé wọn débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tá a ń pín ẹrù, ọmọkùnrin kan gba ọṣẹ tiẹ̀, ó wá rọra ki ìwé kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìwé ìhìnrere tí ṣọ́ọ̀ṣì mìíì pín fún wọn ló kọ ọ́ sí, ó ti pọ́n ọn mọ́ra títí tó fi kéré bí èékánná, nọ́ńbà fóònù ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú biro tó ti fẹ́ gbẹ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe mọ́mì mi. Wọn ò mọ̀ pé ibí ni mo wà." Kò tọrọ owó, kò tọrọ oúnjẹ.

Mo pe nọ́ńbà yẹn lálẹ́. Ìyá tó gbé e ní àwọn ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, pé tó bá jẹ́ yahoo ni kí n lọ wá ibòmíì lọ. Mo bá dárúkọ ọmọ náà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ fojú yín rí i? Ṣé ó ń jẹun?" Àṣé láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n ti ń wá a. Wọ́n ti lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n ti lọ sí òkè àdúrà, wọ́n ti gbààwẹ̀ títí tí ara wọn fi fẹ́ má gbé e mọ́, àwọn wòlíì ti rí oríṣiríṣi ìran fún wọn. Ọmọ náà sì rèé, kò jìnnà sílé, inú túbú tí ìjọba kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ló wà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń wọ ibẹ̀ wọn ń jáde, gbogbo wa ń gbàdúrà fún "àwọn tó wà nínú ìdè" láìmọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Kí ló ṣe? Àwọn ọlọ́pàá ló wá ṣe raid ládùúgbò tó ti ń kọ́ṣẹ́ fúlúkánáísà, wọ́n kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ti gba ara wọn kó tó dalẹ́, àwọn tó kù ni wọ́n kó lọ kọ́ọ̀tù pé wọ́n fẹ́ da ìlú rú. Màjísíréètì fún un ní béèlì lọ́jọ́ yẹn gan-an! Ibí yìí ni kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa o. Béèlì ti wà, ohun tí kò sí ni oníduró, ẹni tó ní ìwé ilé, tó ní ìwé owó orí, tó ń gbé nítòsí. Wọ́n ti gba fóònù ẹ̀ ní téṣàn, kò rẹ́ni pè, bó ṣe dẹni tó ń sùn lẹ́wọ̀n nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan. Tẹ́ ẹ bá to ẹlẹ́wọ̀n mẹ́wàá jọ ní Nàìjíríà, bíi méje nínú wọn ni kọ́ọ̀tù kankan ò tíì dá lẹ́bi, awaiting ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìwé òfin 1999, abala 35, ti sọ ọ́ pé tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn débẹ̀. Ọlọ́pàá fúnra wọn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ní 2019 ìjọba yí orúkọ Prisons padà sí Correctional Service, orúkọ náà dùn, àwọn tó wà nínú ẹ̀ ṣì ń pè é lẹ́wọ̀n ṣá.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́, arákùnrin kan ní ká fi í sínú àdúrà. Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n bi í pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi í sínú àdúrà, ta ló fẹ́ fi ìwé ilé ẹ̀ sílẹ̀ nínú yín?" Ojú wálẹ̀. Ìyá tíṣà yẹn ní ó dáa, àwọn máa mú tàwọn wá.

A wá lọ́yà lọ sí Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò lówó, ìjọba ló dá a sílẹ̀ láti 1976, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ò mọ̀ pé ó wà. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù, màjísíréètì ò jókòó. Ìgbà tá a padà lọ, wọ́n ní àwọn ń wá fáìlì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àdúrà wa yí padà láàárín ìgbà yẹn. Tẹ́lẹ̀ a máa ń sọ pé, "Olúwa, ṣíjú àánú wo gbogbo ẹlẹ́wọ̀n," ká tó lọ sórí kókó tó kàn. Ní ìta kọ́ọ̀tù yẹn, lábẹ́ igi máńgòrò, ohun tá a ń sọ ni pé Bàbá, jẹ́ kí fáìlì yìí jáde, fún akọ̀wé yìí ní sùúrù, fún àwa náà ní sùúrù ká má baà bú èèyàn, jẹ́ kí ọmọ yẹn jẹun lónìí. Àdúrà tó ní orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà fáìlì nínú, kò rọrùn láti sùn lọ nídìí ẹ̀.

Fáìlì jáde ṣá. Akọ̀wé wo ìyá tíṣà, ó ní, "Mà, ẹ lọ mú ọkùnrin wá." Màmá ní, "Ọkùnrin wo? Bàbá wọn ti kú, ilé tẹ́ ẹ ń wo ìwé ẹ̀ yìí, èmi ni mo kọ́ ọ." Lọ́yà wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, ACJA, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà ń ṣe irú ẹ̀, abala 167 ẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni pé kó má ṣe oníduró torí pé obìnrin ni. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ màmá. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó kún fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní ilé, tí ìwé wọn pé, ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ èyí fún wọn rí?

Mo rántí Elizabeth Fry. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé London láti bíi 2002 sí 2017, ẹ ti ná an, òun ni àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn owó pọ́n-ùn márùn-ún. Quaker ni, ìjọ àwọn tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ tí wọ́n bá ń sin Ọlọ́run (ó máa nira fún wa!). Ó wọ ẹ̀wọ̀n Newgate ní London ní 1813, ó bá àwọn obìnrin pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nínú ẹ̀gbin. Aṣọ ló kọ́kọ́ kó lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò dúró sórí aṣọ. Ní 1817 ó kó àwọn obìnrin bíi tiẹ̀ jọ, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ inú ọgbà náà, wọ́n fún àwọn ìyá níṣẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ń ka Bíbélì fún wọn, nígbà tó di 1818 ó lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin, ó ro gbogbo ohun tó rí. Òfin tó jáde ní 1823 ní obìnrin ni kó máa ṣọ́ obìnrin, pé ìjọba ni kó máa san owó wọ́dà, kí wọ́n yéé gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọ mọ́kànlá ni obìnrin yìí bí o, kì í ṣe pé iṣẹ́ ilé ò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹnì kan ti ń kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp pé ṣé ká wá tú àwọn olè sílẹ̀ ni. Ó dáa tó béèrè. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ lóòótọ́, ẹni tí wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọjọ́ ìsinmi. Inú máa ń bí mi tí pásítọ̀ bá sáré sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dárí jì, kó gbà f'Ọ́lọ́run, láìbi í pé kí lo pàdánù. Sákéù agbowó orí ò kàn gba Jésù sílé, ó ní ohun tóun bá fi èrú gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kọ́ọ̀tù náà lágbára láti ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ san gbà-máà-bínú, ó yẹ ká máa béèrè fún un. Àánú tó bá gbàgbé ẹni tí wọ́n jà lólè, mi ò mọ irú àánú tó jẹ́.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà. Àwọn kan wà láàárín wa, diákónì ni wọ́n, tí wọ́n máa ń fi ọlọ́pàá gba gbèsè. Wọ́n yá èèyàn lówó, ó pẹ́ kó tó san, wọ́n ní kí ọlọ́pàá lọ gbé e, tí wọn ò bá bá a, kí wọ́n gbé ìyàwó ẹ̀. ACJA tí mo sọ yẹn ti kọ méjèèjì, abala 7 àti 8. Tí irú wọn bá ṣaájú àdúrà lórí pẹpẹ, mi ò kì í lè dijú.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà. Ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ tú ẹlẹ́wọ̀n 4,068 sílẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé owó ìtanràn tàbí gbà-máà-bínú tí ò ju mílíọ̀nù kan náírà lọ ni wọn ò rí san. Mílíọ̀nù 585 náírà tí wọ́n kó jọ, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti rí i. Ẹ pín in, kò tó 150,000 lórí ẹnì kan. Aṣọ anniversary tá a rà lọ́dún tó kọjá, owó ẹni mélòó ló wà nínú ẹ̀? Mo béèrè yìí ní ìpàdé, wọ́n ní kí n má ba ayọ̀ ìjọ jẹ́.

Ọmọkùnrin yẹn ti wà nílé báyìí, ó ti padà sídìí fúlúkánáísà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹ̀ ò tíì parí, wọ́n ṣì ń sún un síwájú, ìyá tíṣà sì ní láti bá a lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá pè é torí ìwé ilé wọn ló wà ńlẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ló ń san owó ọkọ̀, Mùsùlùmí ni, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Lọ́yà yẹn ti gbà láti wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí oníduró ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì ti sún ìyẹn náà síwájú nítorí ìkórè, ṣùgbọ́n mo ti gba nọ́ńbà akọ̀wé ìjọ, mo ń pè é.