Àwo Blu-ray: ẹ kà á padà kí ẹ tó sọ pé ó ti pamọ́

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń ya fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyí: àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú dráìfù kò tíì pamọ́. Ìgbà tí ẹ bá kà á padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí fáìlì kan ò bàjẹ́, ni ẹ tó lè nu ti inú kámẹ́rà kúrò. Ẹni tó bá padà wá béèrè fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, kò síbòmíì tó ti máa rí i.

CD, DVD àti Blu-ray fẹ̀ bákan náà, sẹ̀ǹtímítà 12, wọ́n sì nípọn bákan náà, mìlímítà 1.2. Ibi tí dátà sùn sí nínú wọn ló yàtọ̀. Nínú DVD, àárín ló wà, mìlímítà 0.6 sí ojú tí iná lésà ń gbà wọlé. Nínú Blu-ray, ohun tó bò ó kò ju mìlímítà 0.1 lọ. Lésà DVD pupa, ìgbì iná rẹ̀ gùn tó 650 nm (nánómítà). Ti Blu-ray jẹ́ àlùkò tó fara jọ búlúù, 405 nm. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè ka àmì tó kéré gan-an, tí 25 GB fi wọ ibi tí DVD ti ń gba 4.7 GB.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Níbi tí ìtànṣán ti kan ojú àwo, ti DVD fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 0.5, ti Blu-ray ò ju nǹkan bíi 0.14 lọ. Eruku tó kàn bo díẹ̀ lára ti DVD lè bo ti Blu-ray pátá. Nítorí náà, etí àwo àti ihò àárín ni kí ẹ máa fi ọwọ́ mú. Ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ iná kí ẹ tó bọ́ọ̀nù, ìyẹn kí lésà tó kọ dátà sí i. Bí eruku bá wà níbẹ̀ nígbà tí lésà ń kọ, àmì tó yẹ kó wọ abẹ́ rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ ò sì lè tún un ṣe mọ́ bí ẹ tilẹ̀ nù ún lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá lọ rà á, ẹ ka ara páálí. Èyí tí wọ́n kọ LTH sí, ẹ fi sílẹ̀. Aró ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ń kọ dátà sí, oòrùn sì máa ń ba aró jẹ́. HTL, tí kì í lo aró, ni kí ẹ wá. Àwo 100 GB nílò dráìfù tí wọ́n kọ BDXL sí lára. Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe àwo Blu-ray tí èèyàn lè kọ nǹkan sí ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn mìíràn ṣì ń ṣe é.

Kọ̀ǹpútà máa pe 25 GB yẹn ní 23.3, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ má kún un dẹ́nu. Fídíò 20 GB ni kí ẹ kó sí i, kí ẹ fi fáìlì àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní PAR2, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fídíò náà, bíi 2 GB, kún un, kí fáìlì tó bá bàjẹ́ díẹ̀ lè ṣeé túnṣe. Ẹ fi sha256sum, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀, ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo fáìlì kí ẹ tó bọ́ọ̀nù. Nínú ètò ìbọ́ọ̀nù, ẹ yan UDF 2.50 fún bí a ṣe ń to fáìlì sórí àwo, torí fáìlì kámẹ́rà sábà máa ń ju 4 GB lọ.

Ní ti eré ìkọ, fún àwo 6x, 4x ló dára. 1x jẹ́ 4.5 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ní 4x, 25 GB máa gbà tó ìṣẹ́jú 23. Bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, àwo BD-R (Blu-ray tí a lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan péré) ti ṣòfò; ẹ rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún tàbí kí ínfátà wà lẹ́nu iṣẹ́. Dráìfù pẹlẹbẹ tó ń gba iná láti ara USB 2.0 máa ń yí dáadáa tó bá ń ka àwo, kó wá já bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, torí 500 mA kì í tó o. Wáyà USB olórí méjì, tó ń gba iná láti ihò méjì, ló máa ń yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kíkà padà. Ẹ yọ àwo náà, ẹ tún un fi sí i, ẹ lo sha256sum -c, tó máa fi fáìlì orí àwo wé àkọsílẹ̀ yẹn. Inú dráìfù mìíràn ló ti dára jù, nítorí èyí tó kọ ọ́ lè ka ohun tí dráìfù oníbàárà ò ní lè kà.

Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n ni oníbàárà fẹ́ máa wò ó, fódà BDMV, èyí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kà, ló máa nílò, kí fídíò H.264 (irú ìfúnpọ̀ fídíò kan) rẹ̀ má ju 40 Mbit/s lọ. Ní ti fíìmù tí ẹbí bá rà bọ̀ láti Amẹ́ríkà, àmì agbègbè (region) A ni ó sábà máa ń ní, ẹ̀rọ ti Áfíríkà àti Yúróòpù sì jẹ́ B. Kò ní ṣí níbí. Fíìmù Blu-ray Ultra HD (4K) kò ní ìdènà yẹn.

Ẹ má lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Máàkà olómi ni kí ẹ fi kọ orúkọ. Ẹ tò wọ́n ní òró sínú páálí líle, níbi tí ooru àti oòrùn ò ti dé. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, láti ihò àárín lọ sí etí ni, ẹ má yí i po. Ẹ ṣe méjì, kí ìkejì wà nínú ilé mìíràn, kí ẹ sì máa tún sha256sum -c ṣe lọ́dọọdún. Èyí tí kíkà rẹ̀ bá ti ń falẹ̀, ẹ tètè kó o sórí àwo tuntun.