Lēah: igbó tó ṣẹ́kù sínú orúkọ

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ló gbà mí lọ́kàn láti àárọ̀: lēah. Òun ló di -ley tó parí orúkọ Bromley, Wembley, Bexley àti Finchley, àwọn àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù tí kì í kúrò lẹ́nu àwa Yorùbá tó ń gbé ibí, bóyá à ń júwe ilé fún àlejò ni o, bóyá bọ́ọ̀sì la fẹ́ wọ̀. Títì ọlọ́dà àti ilé bíríkì lojú ń rí níbẹ̀ báyìí. Igbó ni orúkọ wọn ń sọ.

Igbó ni lēah jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ibi tí wọ́n ti ṣán igbó, tí oòrùn fi ráyè kanlẹ̀; ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó di pápá tí ẹran ń jẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè tọ gbòǹgbò rẹ̀ débi ọ̀rọ̀ àtayébáyé kan tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀, èyí tó tún bí lux, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ lédè Látìnì. Lucus, orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe igbó òrìṣà, ọmọ ìyá lēah ni. Ìmọ́lẹ̀ ló di orúkọ igbó! Mo ka ibẹ̀ yẹn léraléra.

Bromley ti wà nínú ìwé ilẹ̀ kan tí wọ́n kọ lọ́dún 862. Bromleag ni wọ́n pè é níbẹ̀. Broom ni igi kékeré kan tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le, òun ni wọ́n ń dì pọ̀ fi gbálẹ̀, ibẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ti gba orúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wembley pẹ́ jù ú lọ, ó wà nínú ìwé ọdún 825: lēah Wemba. Ọkùnrin kan ṣáà ni Wemba, pápá bọ́ọ̀lù sì ti gbé orúkọ rẹ̀ dé gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shipley ń sọ̀rọ̀ àgùntàn, Calverley ń sọ ti ọmọ màlúù, Wheatley ń sọ ti àlìkámà. Margaret Gelling, àgbà onímọ̀ orúkọ ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di olóògbé lọ́dún 2009, gbà pé níbi tí irú orúkọ yìí bá pọ̀ sí, igbó ti wà níbẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Èmi náà gbà. (Odò Lea tó gba ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kọjá kò bá wọn tan o, orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀.)

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Thundersley ní Essex àti Thursley ní Surrey. Lēah Thunor ni méjèèjì, òrìṣà àrá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bọ kí wọ́n tó gba ẹ̀sìn Kristi. Òun ló ni Thursday, tíí ṣe òní gan-an, bí Ṣàngó ṣe ni ọjọ́ Jàkúta lọ́dọ̀ tiwa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé wa tipẹ́, a ò kàn fura ni. Lēah ti apá ìwọ̀ oòrùn ni Wesley. Orúkọ John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ ni, ìjọ náà ló sì gbé e wá, tó fi wà lára ilé ìwé Wesley College n'Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà.

Èdè Dutch ní tirẹ̀, lo, òun ló parí orúkọ Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀mù. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà níbẹ̀ lọ́dún 1815, wọ́n fi orúkọ ibẹ̀ sọ afárá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi sọ abúlé kan ní Sàró. Àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú wà lára àwọn tó tẹ̀ dó síbẹ̀. Akú làwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn.