Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Àwọn Tó Dárúkọ Mi Níbi Tí N Kò Sí

Ẹ kú òpin ọdún o. Oṣù Kejìlá kì í jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ báńkì rímú mí, òun ni mo ṣe pẹ́ kí n tó kọ èyí. Owó oṣù kọ́ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí epo bẹntiróòlù fojú owó oṣù rí lọ́dún yìí, olúkálùkù ló mọ tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ni mo fẹ́ kà: ta ni mo mọ̀ sí i, ta ló mọ̀ mí, kí ló sì tìdí rẹ̀ yọ.

Èyí tó tóbi jù ni pé, ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ìṣirò lọ sí ẹ̀ka tó ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lówó. Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń mú àwọn tó ń di ọ̀gá. Ẹ má rò pé àpérò kan ló ṣílẹ̀kùn yẹn o. Àjọ ni. Àjọ oṣooṣù tí àwa obìnrin láti oríṣiríṣi ẹ̀ka jọ ń dá, tí ẹnì kan tí à ń pè ní Ìyá Ìbejì ń gbà jọ. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé la máa ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Tí a bá ti fi owó ránṣẹ́ tán, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àyè fẹ́ ṣí, kí lẹ́tà rẹ̀ tó jáde. Obìnrin kan tó wà lẹ́ka yẹn ti dárúkọ mi fún ọ̀gá rẹ̀, n kò sì bẹ̀ ẹ́ rárá. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́, ó ní, "Kí ni n ó tún máa wádìí lára rẹ? Oṣù kejì lo ti kó àjọ, o sì san án dópin láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́. Àwa tí à ń yáni lówó, irú rẹ là ń wá."

Mo lọ sí àpérò náà o. WIMBIZ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ àti oníṣòwò, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2001, ti sọ oṣù Kọkànlá di àsìkò ìpàdé ńlá fún àwa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ orí pèpéle dára. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti tò fún oúnjẹ ni mo ti jèrè: obìnrin kan láti báńkì mìíràn, tí ipò wa dọ́gba, sọ iye tó ń gbà fún mi tààrà. Oorun ò kùn mí dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn ọkùnrin máa ń sọ iye owó wọn fún ara wọn; àwa ń fi tiwa pa mọ́ bí ẹní ń fi àrùn pa mọ́, àwọn tó ń sanwó fún wa ni ìpamọ́ yẹn sì ń ṣe láǹfààní. Káàdì tí mo gbà níbẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí mo kọ̀wé sí lọ́sẹ̀ yẹn nìkan ló dáhùn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń dùn mí jù. Lẹ́yìn agogo márùn-ún ni àwọn ọ̀gá ọkùnrin ń ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti asun àti ọtí tútù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Lásìkò yẹn, èmi ti wà lórí afárá Third Mainland, mò ń pe ẹni tó ń bá mi wo ọmọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, owó tí wọ́n ń san fún un kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá padà dé, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin náà kò sọ nǹkan kan nípa àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa ẹlẹ́gbẹ́ àjọ bímọ lọ́dún tó kọjá. Kó tó dé, wọ́n ti pín gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ́wọ́. Nígbà tó kan ẹlòmíràn lọ́dún yìí, a ti gbọ́n. Ẹnì kan ń fi ohun tí wọ́n sọ nípàdé ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹnì kejì, níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ pín nǹkan, á béèrè pé, "Ti Àǹtí wa ńkọ́?" Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló padà wá bá.

Inú mi dùn sí àwọn orúkọ ńlá ọdún yìí. Yetunde Oni di ọ̀gá àgbà Union Bank ní oṣù Kìíní. Adaora Umeoji di ti Zenith ní oṣù Kẹfà, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n bá Miriam Olusanya ní GTBank, Nneka Onyeali-Ikpe ní Fidelity àti Yemisi Edun ní FCMB. Ẹ rántí pé ọdún 2012 ni àwọn olórí báńkì ti fẹnu kò pé, nígbà tó bá fi máa di 2014, kí obìnrin jẹ́ 40 nínú 100 àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì jẹ́ 30 nínú 100 nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Àárín àtẹ̀gùn lèmi ń wò ní tèmi. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọlọ́mọ kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn.

Èyí tí n kò rí gbà: ipò mi kò yí padà, kọ́bọ̀ kò sì gun owó mi. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé báńkì ń wá owó ìdókòwò tí CBN, báńkì àgbà ìjọba àpapọ̀, kéde ní oṣù Kẹta, 500 bílíọ̀nù náírà fún àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun, kó pé kí oṣù Kẹta 2026 tó parí. Sùúrù tèmi ò ní gùn tó bẹ́ẹ̀. Tí báńkì méjì bá lọ dà pọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ ń ní kó máa lọ. Oṣù Kìíní ni n ó kọ ìwé béèrè fún àfikún owó, iye tí obìnrin tí mo pàdé ní àpérò sọ ni n ó sì kọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò tí mo fi sílẹ̀. Agùnbánirọ̀ ni nígbà tó dé. Wọ́n wá gbà á sí iṣẹ́ àdéhùn, èyí tí kì í ní ìgbéga nínú. Ó mọ iṣẹ́ ju àwọn tó ń rán an lọ. Mo ti dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá mi tuntun, ó ní kó mú ìwé rẹ̀ wá lẹ́yìn ọdún. Ìgbà yẹn náà ni àjọ tuntun máa bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ní kí Ìyá Ìbejì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkẹyìn ló fún un, nítorí àwọn tó kù kò tíì mọ̀ ọ́n.