Ohun tí káàpù fojú mi rí kí n tó mọ ìwọ̀ ọ́ so

Ọmọ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni mí, ẹ̀bá odò Ògùn ni mo dàgbà sí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní adágún ẹja lápá Ọdẹ́dá pè mí pé kí n wá bá òun mú káàpù mélòó kan, ìyẹn ẹja tí òyìnbó ń pè ní carp, mo ní kó ti gbé epo kaná. Àrọ̀ ló pọ̀ jù nínú adágún náà, ó kàn da káàpù díẹ̀ mọ́ wọn ni, kò sì fẹ́ fa omi gbẹ nítorí ẹja mẹ́ta.

Mo gbé ekòló, mo gbé ẹ̀bà tí mo tẹ̀ kó le dáadáa, mo gbé ìwọ̀ tí mo fi ń pa ọ̀bọ̀kún. Aago méje àárọ̀ ni mo jókòó. Sílípáàsì tí mo gé kó máa léfòó ń jó lórí omi bí ẹni pé wọ́n ń lu bàtá fún un. Bí mo bá fà á, òfìfo ìwọ̀ ni. Mo fi ẹ̀bà mìíràn sí i, wọ́n tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ẹ̀bà ti tán, àrọ̀ kékeré méjì ni mo rí mú, káàpù kankan kò sí níbẹ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gbé omi wá fún mi, ó wo inú garawa, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wá pa ẹja wa ni àbí ẹ wá bọ́ ọ?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ò dénú.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni èmi náà kọ́kọ́ ṣe: mo lọ ra ìwọ̀ tó tóbi ju tàná lọ. Owó ni mo fi ṣòfò. Nọ́ńbà ìwọ̀ sì máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lọ́jà, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i, nọ́ńbà 10 kéré sí nọ́ńbà 6. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 1/0, 2/0, 3/0, ó ti yí padà nìyẹn, 3/0 ló tóbi ju 1/0 lọ. 2/0 ni mo lọ rà. Ìwọ̀ tí ènìyàn lè fi gbé ewúrẹ́! Mo padà sí Ọdẹ́dá, ẹja náà tún jẹ ìjẹ mi tán.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó ti omi, tí mo wo ẹja fúnra rẹ̀. Mo sọ àgbàdo sísè sétí adágún níbi tí omi ò ti jìn, mo sì dákẹ́. Káàpù kì í bu oúnjẹ jẹ. Ńṣe ló ń na ẹnu jáde bíi ti ọmọ tó fẹ́ mu ọmú, á fa omi àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ wọlé, á tọ́ ọ wò, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tu ú síta kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Kò ní eyín kankan lẹ́nu, inú ọ̀fun ni eyín tó fi ń lọ oúnjẹ wà. Àrọ̀ tiwa ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, bó bá ti gbóòórùn oúnjẹ, á gbé e, á sì máa gbé e lọ. Láti kékeré ni mo ti ń so ìwọ̀ fún ẹja tó ń gbé oúnjẹ lọ, n kò tí ì so ó fún ẹja tó ń tu oúnjẹ dànù rí. Ó ṣe tán, àlejò ni káàpù nílẹ̀ wa. Ọdún 1954 ni wọ́n gbé e wá láti Austria sí oko ẹja Panyam ní Plateau, kò sẹ́ni tó jogún bí wọ́n ṣe ń pa á lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Àṣé ẹ̀bà tí mo fi bo ìwọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń tú mi fó. Mo rò pé mò ń fi ìwọ̀ pa mọ́ fún ẹja, ṣùgbọ́n ẹnu ìwọ̀ ni mo dí. Bí káàpù bá fà á wọlé, ìwọ̀ ò ríbi gún. Bó bá tu ú, ẹ̀bà á fọ́, ìwọ̀ á bá a jáde.

Mo wá rántí ohun kan tí mo ti rí lórí YouTube tí mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Ìlú Ọba méjì kan, Len Middleton àti Kevin Maddocks, ni wọ́n gbé e jáde nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Wọn ò ki ìjẹ bọ ìwọ̀ rárá. Ìta ni ìjẹ wà, ó so rọ̀ lára okùn tín-ín-rín kan nídìí ìwọ̀, ìwọ̀ sì wà níhòòhò. Irun orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe okùn tín-ín-rín yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní hair rig títí dòní. Bí ẹja bá fa ìjẹ wọlé, ìwọ̀ á bá a wọlé. Bó bá ń tu ìjẹ, ẹnu ìwọ̀ tí ohunkóhun ò dí á kọ́ ọ ní ètè ìsàlẹ̀.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìjẹ tí wọ́n fẹ́ràn láti so mọ́ ọn. Òfíò ni! Òfíò yìí náà tí àwọn Hausa ń pè ní ayà, tí wọ́n ń ti kiri nínú bárò ní ọjà Kútọ̀. Ó le, ó dùn, ẹja wẹ́wẹ́ ò sì lè gé e jẹ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ sómi ní gbígbẹ o. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ sì sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Èyí tí kò bá rẹ á wú sínú ẹja, káàpù ò sì ní àpòlúkù tí yóò fi bá a jà. Bí ẹja adágún ẹlòmíràn bá kú, ẹ̀yin ni wọn yóò wá.

Bí mo ṣe ń so ó nìyí. Mo máa ń ta ojóbó kékeré sí ìdí okùn, màá fi abẹ́rẹ́ lu òfíò, màá fa ojóbó náà gba inú rẹ̀, màá wá fi ègé ìgbálẹ̀ kékeré há a kó má bàa yọ. Lẹ́yìn náà ni màá ki orí okùn kejì bọ ojú ìwọ̀ láti ẹ̀yìn, màá fà á títí òfíò yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀ ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀, kí àlàfo àárín wọn tó ẹyọ ìrẹsì kan. Màá wé okùn mọ́ ọrùn ìwọ̀ nígbà méje tàbí mẹ́jọ, wẹ́kú wẹ́kú, màá sì dá orí okùn padà sínú ojú ìwọ̀, láti ẹ̀yìn náà ni. Kí n tó fà á le, màá fi itọ́ sí i. Okùn ọ̀rá máa ń gbóná tí wọ́n bá fà á ní gbígbẹ, ibi tó bá ti gbóná ni yóò ti já. Ìwọ̀ nọ́ńbà 6 tàbí 8 tó fún òfíò ẹyọ kan.

Ẹ̀yìn tí mo tẹnu mọ́ yẹn, ìyà ló kọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu ìwọ̀ kò kọjú sí ni mò ń pè ní ẹ̀yìn. Nígbà àkọ́kọ́, iwájú ni mo ti kì í, n kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣe é. Mo gbé e lọ han bàbá apẹja kan tí a jọ máa ń jókòó nísàlẹ̀ afárá Láfẹ́nwá. Bàbá ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Yèsí ló so èyí fún ọ?"

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé ìwọ̀ lé e, wọ́n sì rọra fi okùn wọ́ ọ. Ìwọ̀ náà sùn sílẹ̀, ó yọ̀ kọjá lórí ọwọ́ wọn bí ọmọ tó ń ṣeré. Wọ́n ní, "Ìwọ̀ tí kò lè gbé ọwọ́ mi, ẹja wo ni yóò gbé?"

Mo tú u, mo tún un so, láti ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Bí Bàbá ṣe wọ́ ọ lórí àtẹ́lẹwọ́, ìwọ̀ yí ara padà fúnra rẹ̀, ó dojú kọ awọ, Bàbá sì tètè fọwọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwọ̀ tí mò ń jù sómi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ wọ́ ọ lórí ọwọ́. Mo tún máa ń gbé ẹnu rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò. Bó bá yọ̀, ó ti kú nìyẹn, màá fi ayùn èékánná pọ́n ọn tàbí kí n jù ú nù. Tó bá dúró síbẹ̀, ó mú.

Ẹ̀yin náà á rò pé mo ti ṣẹ́gun. Rárá. Mo lọ sí Ọdẹ́dá nígbà kẹta pẹ̀lú òfíò mi àti ìwọ̀ mi tó ń yí ara padà, òjé kékeré kan tí kò ju gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ló wà lókè rẹ̀. Okùn ń mì tìn-ìn, á dákẹ́. Á tún mì tìn-ìn. N kò mú ohunkóhun fún wákàtí méjì. Inú bí mi, mo fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà pọ̀: ìwọ̀, ìjẹ, okùn. Ohun tí mo dúpẹ́ pé n kò ṣe nìyẹn, nítorí bí mo bá yí gbogbo rẹ̀ padà tí ẹja sì jẹ, n kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Òjé nìkan ni mo pàrọ̀. Mo fi ọgọ́rin gíráàmù síbẹ̀, mo sì há a mọ́ ojú kan lórí okùn kó má lè yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé bí ẹnu ìwọ̀ bá ti kan ètè ẹja, ẹ̀rù á bà á, á fẹ́ sá. Òjé tó wúwo á fà á padà, ìwọ̀ á sì wọlé ṣinṣin kí èmi gan-an tó dìde. Òjé kékeré tí mo lò tẹ́lẹ̀ ò fa ohunkóhun padà, ẹja kàn ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀ ni, á sì ráyè tu ú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá há òjé mọ́ ojú kan, ẹ rí i dájú pé ó lè bọ́ tí okùn bá já. Mo ti rí i tí wọ́n so ó mọ́ okùn típẹ́típẹ́ tí kò lè bọ́. Ẹja tó bá já okùn lọ á máa wọ́ òjé kiri títí yóò fi há síbì kan kú.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo pàrọ̀ òjé, ríìlì tí okùn ká mọ́ lára ọ̀pá ìpẹja ké. Mo fi ẹsẹ̀ dà omi sórí ara mi kí n tó gbá ọ̀pá mú.

Gígùn okùn láàárín òjé àti ìwọ̀ ni nǹkan kejì tí mo máa ń fọwọ́ kàn. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níbi tí ilẹ̀ omi bá ti mọ́ tí ẹja sì ń tu ìjẹ kíákíá, màá gé e kúrú sí i. Ní dáàmù Ọ̀yán, tó ti wà níbẹ̀ láti 1983, ẹrẹ̀ pọ̀ létí omi, òjé wúwo a máa rì sínú rẹ̀, a sì máa fa ìjẹ wọlé tẹ̀lé e. Níbẹ̀, òjé fífúyẹ́ àti okùn gígùn, tó ogún sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mò ń lò, àrọ̀ sì ni mò ń pa, kì í ṣe káàpù. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ má wọ inú omi lọ ju ìwọ̀ o, ẹ dúró lórí ilẹ̀. Àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń múni tọ ẹ̀jẹ̀, wà ní omi Ọ̀yán, àwọn ọmọ abúlé etí dáàmù náà ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Odò Ògùn ní tirẹ̀, òkúta ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ya ẹnu, orúkọ ìlú wa ti sọ ọ́. Òkúta tó wà lókè náà ló wà nísàlẹ̀ omi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré, òjé márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ lábẹ́ afárá, pẹ̀lú ìwọ̀ àti gbogbo ohun tó wà lára wọn. Bàbá kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òjé olówó ńlá. Pọ́lọ́ọ̀gì tó ti kú ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì fi okùn tó tín-ín-rín ju okùn ìwọ̀ lọ so ó dípò òjé. Bí pọ́lọ́ọ̀gì bá há sábẹ́ òkúta, okùn tín-ín-rín yẹn ni yóò já, ìwọ̀ àti ẹja á bọ̀ wálé. Mo kó ọgbọ́n yìí, mo sì fi kún tàwọn ará Ìlú Ọba. Ọ̀bọ̀kún tí mo mú lọ́dún tó kọjá, hair rig àti pọ́lọ́ọ̀gì ni mo fi mú púpọ̀ nínú wọn, àfi pé ọṣẹ ni mo so rọ̀ dípò òfíò, nítorí ọ̀bọ̀kún fẹ́ràn ọṣẹ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì.

Ẹ ń béèrè káàpù Ọdẹ́dá náà. Ó tó kílò méjì àti díẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí owó tuntun. Mo gbé e lé ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Ó gé e, ó dín in, a jókòó láti jẹ ẹ́. Egungun wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹran rẹ̀, bí ẹni jẹ ìgbálẹ̀. Arábìnrin náà yọ egungun kẹta lẹ́nu, ó gbé e sétí àwo, ó wojú mi.

"Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, àrọ̀ ni kí ẹ mú fún wa."