Màmá oní-tòmátì àti Bàbá wọn
Mo wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ Àkúrẹ́, màmá kan jókòó tì mí, apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, bá a ṣe gbéra ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo rò pé fóònù ni, àṣé Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o! "Bàbá, tòmátì yìí ti ń rọ̀, ẹ wá oníbàárà fún mi kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn." Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "ó dáa, mo ti gbọ́." Kò sí ariwo kankan, bí ẹni ń bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Èmi o, tí wọn ò bá tíì kọrin kí wọ́n ní ká dìde, àdúrà kì í tètè jáde lẹ́nu mi.

Nígbà tá a dé Ìkéjì-Arákẹjì, ẹnì kan ní ibí ni wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run lọ́dún 1928, katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì ló wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ní "ṣé Ọlọ́run ní ọ́fíìsì ni?" Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

Ni àlùfáà tó wà níwájú, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, bá yíjú padà, wọ́n ní tí àwọn bá kírun àsùbáà tán, Yorùbá làwọn fi ń sọ tẹnu àwọn, torí Lárúbáwá táwọn gbọ́ ò tó ẹjọ́ rò.