Ta ló ń jẹ owó rẹ?

Ọ̀pọ̀ àwa tí wọ́n tọ́ n'Ìbàdàn la mọ ọ̀rọ̀ yìí: "Bí wọ́n bá nà ọ́ níta, tó o sunkún wálé, màá fi kún un." Bàbá mi náà a máa wí i. Wọ́n fẹ́ ká gbójú ni. Ìlú tí wọ́n ń kì ní "níbi olè gbé ń jàre olóhun", tí wọ́n tún ní ìjà ìgboro làrùn rẹ̀, ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun ya ojo níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹnu ni ọ̀rọ̀ yẹn dí fún mi. Láàárín Ìdí Arẹ̀rẹ̀ sí Ọjà'ba là ń gbà lọ sílé ìwé. Ọmọbìnrin kan tó jù wá lọ a máa lúgọ dè wá ní kọ̀rọ̀ kan, á gba owó róbó, á gba owó gúgúrú. Bí kò bá sówó, á gbá wa létí. Oríkì ìlú yẹn gan-an ló ń kì bó ṣe ń ka owó wa. Agbára mi ò ká a, n kò sì lè sọ nílé. Ọmọ tí ìyà ń jẹ níta, tí pàṣán tún ń dúró dè nílé, ibo ni kó gbà?

Ìyá àgbà ló fura. Ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba, wọ́n sì rí i pé ebi ló ń lé mi wá sọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ta ló ń jẹ owó rẹ?" Mo sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Wọ́n ní, "Má bá a jà, má sì fún un mọ́. Bó bá ti yọ, pe orúkọ rẹ̀, pe ti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kí gbogbo ọjà gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ara mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo pè é. Aláàkàrà tó wà nítòsí dìde pẹ̀lú ìpọnpọn lọ́wọ́: "Ọmọ ta nìyẹn? Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?" Ló bá fẹsẹ̀ fẹ. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Ìyá àgbà ti lọ bá aláàkàrà náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wò ó, mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dúró lọ́jọ́ yẹn!

Lálẹ́ òní, ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé ẹnìkan ní kíláàsì òkè ń gba abọ́ oúnjẹ òun. Inú mi dùn pé ó lè sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó gbá a padà. Mo ní rárá o, ẹni tó lágbára jù ló máa borí nínú ìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, a ó jọ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, kò fàyè gba kí wọ́n ṣe ọmọ léṣe, ìbáà ṣe lára tàbí lọ́kàn. Màá béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn lásìkò ìjẹun. Màá tún béèrè bóyá ọmọ yẹn ń rí oúnjẹ jẹ kúrò nílé, torí bó bá jẹ́ ebi ni, mo lè di abọ́ kejì. Bí kì í bá ṣe ebi, àwọn òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.