Ẹ̀yìn Ìjàpá, alẹ́ kọkànlá: mo ti fi ayùn là á

Mo ti là á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí n ní sùúrù, pé bébà á gbẹ tó bá yá, ẹ forí jì mí. Ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ àná, mo gbé ìkarahun Ìjàpá tí mo ń fi bébà àti sítáàṣì ṣe fún ọjọ́ ìbí Àríkẹ́, ọmọ mi, lé itan ní fàráńdà, mo mú ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, mo sì rẹ́ ẹ láti etí kan dé èkejì, níbi tí ìdí ahun ti bẹ̀rẹ̀. Omi ni mo kọ́kọ́ rí. Mi ò sọ pé ó tutù o. Omi ló ń sun jáde lójú ibi tí ayùn gbà, bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ tẹ ẹ̀kọ tí kò dì.

Kí n tètè ka àwọn ohun tó ti parí. Fìlà orí Ìjàpá: ìyàwó mi ti hun ún tán. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí a ki fóòmù sí nínú, ó ti tán. Etí ehoro 12, onípáálí, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn bá gbàgbé: ó ti tán. Kéèkì kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ó ku ìkarahun, ó sì ku ọjọ́ 4.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ wá bá Àríkẹ́ ṣọjọ́ ìbí ní Sátidé ló máa múra bí ẹranko inú àlọ́. Àríkẹ́ ń pé ọmọ ọdún 6, Ìjàpá ló sì fẹ́ jẹ́. A ní kó ṣe Yánníbo, ó ní rárá, pé kí ni Yánníbo tiẹ̀ ń ṣe nínú àlọ́ ju kó máa sebẹ̀ lọ. Màámi ló máa pàlọ́. Bí ètò ṣe wà nìyẹn títí di Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Lọ́jọ́ náà, Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ tí tíréè dà wó, mo rò pé ológbò ni. Nígbà tí mo yọjú, ẹ̀wà ti fọ́n ká ilẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan bíi pé kì í ṣe tiwọn, ẹnu wọn sì ti fà sápá kan. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń jáde bíi ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń sọ, bí wọ́n ṣe tú u fún mi lọ́jọ́ kejì, ni pé kí n kó ẹ̀wà nílẹ̀ kí adìẹ tó dé ibẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní 194 lórí 112. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnu ti padà sípò, ọ̀rọ̀ ti já gaara, wọ́n sì ti mọ ìlú tí nọ́ọ̀sì méjèèjì ti wá. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò tíì padà tán. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ kékeré ni, pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dínà iṣan kan nínú ọpọlọ, àti pé àwọn ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé irú èyí ló yẹ kí a ṣọ́ jù, torí pé èyí tó tóbi lè wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́. Màámi wo ògiri. Láti ìgbà Àjíǹde ni wọn ò ti lò ó mọ́, torí pé ara ti yá. Àgbo ni wọ́n ń mu. Èmi tí a jọ ń gbé ilé kan náà, tí mo lè ka iye ìpele bébà tó wà lẹ́yìn ahun láìwò ó, mi ò mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti ṣí páálí oògùn yẹn gbẹ̀yìn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Ìyàwó mi ló dúró tì wọ́n, torí yàrá àwọn obìnrin ni. Oorun kò kùn mí. Ìpele bébà méjì àkọ́kọ́ ti gbẹ dáadáa lórí báàfù tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ìkarahun lè gba ìrísí rẹ̀, ó ń dún ko-ko-ko tí mo bá kàn án. Mo se sítáàṣì ìkòkò kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ìpele kẹta. Ìkẹrin. Mo pe ìyàwó mi, ó ní wọ́n ń sùn. Ìkarùn-ún. Mo tún pè é, ó ní, “Bàbá Àríkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kémi náà sùn.” Ìkẹfà. Nígbà tó di aago 4 ìdájí, mo yí fáànù sí i kó lè tètè gbẹ. Ẹ mọ òfin iṣẹ́ yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: ìpele kan, kó gbẹ, kó tó kan òmíràn. Fáànù gbẹ awọ òde, awọ òde sé omi mọ́ inú, sítáàṣì inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Lọ́jọ́ kẹta ni òórùn dé, òórùn omi ògì ọlọ́jọ́ márùn-ún tẹ́nì kan ò dà nù. Lọ́jọ́ kẹrin mo yọ ọ́ kúrò lórí báàfù. Ìyẹn rọrùn, náílọ̀nù àti fasilíìnì tí mo fi bo báàfù ṣe iṣẹ́ wọn. Ebu ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé lápá ọrùn, dúdú nísàlẹ̀. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wọlé, kì í sì í tètè padà. Dókítà tẹ kókósẹ̀ Màámi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀. Tiwọn ò wọlé.

Mo sá a sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Oṣù Keje, nílùú Ìbàdàn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sáré gbé e wọlé fún òjò. Mo fi fínígà nu ebu, ó lọ, ó padà. Mo gbé e sókè ìkòkò èédú, èyí sì ni mo kábàámọ̀ jù, torí etí rẹ̀ lápá òsì ká sókè, àárín ṣì rọ̀ síbẹ̀. Ká ní mo fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú sítáàṣì látìbẹ̀rẹ̀, bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń fi sí tiwọn, ebu ì bá má rí ibẹ̀ gbé. Mo ti lọ sí Bódìjà ra álọ́ọ̀mù kí n tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó wà nínú àpò mọ́tò títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà, torí ó ń dùn mí. Kò sí ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́! Orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń ka ìròyìn. Ìyá alákàrà tí mo máa ń bẹ̀ ti kó sórí ìwé ìdánwò, kílò-kílò ló ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Ó fún mi ní ìdì kan, nítorí náà nínú ìkarahun Ìjàpá yìí, ẹnì kan gba 3 nínú 20 nínú ìṣirò. Ìwé yẹn le jù, kì í mu sítáàṣì bíi ti ìwé ìròyìn. Bébà àpò sìmẹ́ńtì ló dára jù fún ìpele kejì, èyí tó jẹ́ oníbébà gidi, ẹ kàn gbọn eruku rẹ̀ dà nù dáadáa kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́. Ẹ má sì fi àlùmọ́gàjí gé bébà yín. Ẹ fà á ya. Etí tó já wúruwùru ló máa ń lẹ̀ pẹlẹbẹ, etí tí wọ́n gé máa ń hàn lábẹ́ ọ̀dà.

Màámi ló ń ya bébà fún mi báyìí. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré ọwọ́ nílé ìwòsàn ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe nǹkan, pé kí a má ṣe máa gba gbogbo ẹ̀ ṣe. Wọn ò lè de bọ́tìnnì, ó sì ń bí wọn nínú. Bébà nìkan ni kò bí wọn nínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ya fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó rí ságaṣàga. Lánàá, mo rí márùn-ún tó jẹ́ ìka méjì-méjì, tó gún régé láti òkè délẹ̀. Mo ní, “Màámi, ọwọ́ òsì lẹ fi ya èyí.” Wọ́n ní, “Àkànní, o ò níyì.”

Ìwé kan náà ni mo ń kọ nǹkan méjèèjì sí. Ojú ewé òsì, ìkarahun: ọjọ́, ìpele, ibi tó rọ̀. Ojú ewé ọ̀tún, Màámi: àárọ̀ àti alẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí apá wà lórí tábìlì, kí ẹnu dákẹ́. Ti ẹnu dákẹ́ yìí ló ṣòro. Lánàá wọ́n kí ẹni tó ń kọjá ní títì nígbà tí ẹ̀rọ ń fún wọn lápá lọ́wọ́, ó sì gbé 171 jáde. A dúró, a tún un wọ̀n, ó di 156. Láàárọ̀ yìí, 148 lórí 90. Ó ń wálẹ̀, àmọ́ kò tíì dé ibi tí dókítà ń fẹ́.

Ìyàwó mi ní ká sún àríyá síwájú. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Màámi ló yarí. Wọ́n ní tí ọmọ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí òun ò ṣọjọ́ ìbí, kí ni kí wọ́n sọ, ṣé kí wọ́n ní ẹnu àwọn ló yí? A dúnàá dúrà bí ẹni ń ra ewúrẹ́. Wákàtí 2 dípò 5. Kò sí gbohùngbohùn. Ọmọ 9 dípò 25, nítorí náà etí ehoro ti pọ̀ jù, ẹ bá mi wá ẹni tó nílò rẹ̀. Àlọ́ kan ṣoṣo, lórí ìjókòó, kì í ṣe mẹ́ta. Wọ́n gbà, àmọ́ wọn ò sọ bí àlọ́ náà ṣe gùn tó.

Ó dáa, ẹ padà síbi ayùn. Nígbà tí ó là, mo rí gbogbo rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì: ìpele méjì àkọ́kọ́ le koránkorán, ìpele òde le, mẹ́ta àárín ti di mọ́ínmọ́ín. Mo fi ìka hú u jáde títí di aago 1. Èrò mi ni pé kí n jẹ́ kí méjèèjì gbẹ lọ́tọ̀, kí n wá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà so wọ́n pọ̀ padà, kí n lẹ bébà bo ojú ọgbẹ́, kẹ́nì kankan má mọ̀.

Láàárọ̀ yìí ni Àríkẹ́ gbé apá iwájú kọ́rùn láìtọrọ àyè, ó sì lọ jókòó lórí àga. Ó jókòó! Ó ti di alẹ́ 11 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì sọ sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ tí ìkarahun rẹ̀ dé itan ò lè jókòó jẹ kéèkì tirẹ̀. Mo dúró mo ń wò ó. Màámi, láti orí ìjókòó wọn, ní kí n yé fi ọwọ́ lérán, pé ṣé mi ò mọ̀ pé ahun igbó náà máa ń ṣẹ́ ẹ̀yìn pa ni, pé tí wọ́n bá rí i lóko nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, apá ìdí rẹ̀ á wálẹ̀ bí ìdérí tí yóò bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù.

Òótọ́ ni. Kinixys ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì wà nínú igbó ilẹ̀ wa. Oríkèé wà lẹ́yìn ìkarahun rẹ̀. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù, Alàgbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó kú lọ́dún 2019, kì í ṣe irú ẹ̀. Ìlú Màámi nìyẹn, wọ́n sì ṣì ń bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ní ahun náà kò lè tó ọdún 344 tí ààfin sọ. Mo ti ń fi àwòrán Alàgbà ya ìkarahun yìí. Mo ti pa á tì. Oríkèé ni mo fẹ́ báyìí.

Nítorí náà, gọ́ọ̀mù káfíńtà ti di ti etí ìkarahun nìkan. Mo gba rọ́bà inú táyà lọ́wọ́ fọ́kànáísà wa, ó ní kí n mú u lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo gé e sí pẹlẹbẹ mẹ́ta, mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò, òwú àwọn ṣúmẹ́kà ni màá fi rán an. Ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe fẹ́ kun ọ̀dà náà ti yí: ìpẹ́ ńlá ẹ̀yìn ahun jẹ́ 13, márùn-ún lọ tààrà lórí ẹ̀yìn, mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti fi pẹ́ńsù ya 16 tẹ́lẹ̀. Àríkẹ́ ló kà á.

Alẹ́ yìí, ìpele kan ṣoṣo ni mo lẹ̀ sójú ibi tí mo gé. Ọ̀kan. Álọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sì jókòó tì í kí ọwọ́ mi má baà wá iṣẹ́ sí i. Iná lọ ní aago 9, ó dé ní 10.

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti yàrá, wọ́n ní ṣé mo ti wọn ti àwọn lálẹ́ yìí. Mo lọ wọ̀n ọ́n: 146 lórí 88. Wọ́n ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ti ahun náà wò. Ó le lápá ọ̀tún, ó ṣì rọ̀ díẹ̀ níbi tí èédú ti ká a sókè. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo sì yí fáànù kúrò lára rẹ̀.